Fọ́tò ìsọ̀ bàbá àgbà yín tó lẹ̀ mọ́ dígí: ẹ má tíì fà á o

Àǹtí kan láti Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò kan wà nílé wa, ìsọ̀ bàbá bàbá mi ni ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin kékeré kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dúdú àti funfun ni, kò tóbi ju ìwé ẹ̀ksasáìsì lọ. Inú férémù ló wà lára ògiri pálọ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti lẹ̀ mọ́ dígí, àwọn àmì bíi ìpàtà ti ń jáde lójú ẹ̀. Lára sáìnbọ́ọ̀dù, GENERAL GOODS nìkan ni mo lè kà, ìlà kejì ti ṣú. Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì fẹ́ gbé e kọ́ síbẹ̀ kó tóbi dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kàn fi áàpù tún un ṣe, pé á mọ́ kedere. Ṣé kí n tú férémù náà? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n yà á? Kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ nílé."

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìbéèrè yín pọ̀ díẹ̀ àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tó lè ba nǹkan jẹ́ lónìí ká tó máa wá ọdún kiri. Ẹ má fà á. Tẹ́ ẹ bá tú férémù tẹ́ ẹ rí i pé igun yẹn ò bọ́ fúnra ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dá plaiwúùdù ẹ̀yìn padà, ẹ lọ jókòó.

Ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo ni pé èmi náà ti fà á rí. Ó ti lé ní ogún ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ férémù tèmi ní Ìkòròdú níbí, ọwọ́ ń yá mi, màmá kan gbé fọ́tò wá, ìyá tó bí wọn ló dúró níwájú ìsọ̀ aṣọ. Ó ti lẹ̀ mọ́ dígí láàárín gan-an. Mo ní kò le, mo mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, mo ń ti abẹ́ ẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ "ṣáà". Nígbà tí mo máa wò ó, ojú ìyá náà ti wà lára dígí, bébà funfun ló kù lọ́wọ́ mi. Màmá yẹn ò bú mi o, wọn ò gba owó padà, wọ́n kàn ní "ó dáa náà," wọ́n ká a sínú nylon, wọ́n lọ. Èèyàn bú mi tó, mi ò rántí ìkankan nínú èébú yẹn, àmọ́ "ó dáa náà" yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ẹ wò ó, fọ́tò ayé ọjọ́un kì í ṣe íńkì tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà bíi ti ìwé ìròyìn. Bébà ló wà nísàlẹ̀, fàdákà gidi ló wà lókè, fàdákà tó lọ́ kúná ju eruku lọ, ibi tó bá pọ̀ sí ni ojú wa ń rí ní dúdú. Nǹkan tó wá di fàdákà yẹn mú mọ́ bébà ni wọ́n ń pè ní jẹ́látìn, egungun àti awọ màlúù ni wọ́n sè kí wọ́n tó rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti se ẹsẹ̀ màlúù rí, tẹ́ ẹ gbé ọbẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀ dọjọ́ kejì, ẹ mọ bó ṣe máa ń dì gbagidi, tẹ́ ẹ bá sì gbé e kaná díẹ̀ báyìí á tún yọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀, jẹ́látìn á mu ún, á wú, á rọ̀, á máa lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, tí dígí bá wá wà níwájú ẹ̀ láìsí àyè kankan láàárín, á so mọ́ ọn, tí ọyẹ́ bá dé tó gbẹ, wọ́n ti di ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, Ìkòròdú létí ọ̀sà, Àgbádárìgì tiẹ̀ ní ọ̀sà níwájú òkun lẹ́yìn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa máa ń kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lásìkò òjò, bẹ́ẹ̀ tó bá ti ń lọ sí 65, 70 tó sì dúró síbẹ̀, fọ́tò lè máa bu bíi búrẹ́dì. Àwọn àmì tẹ́ ẹ pè ní ìpàtà yẹn, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe bíbu ni. Ó tún lè jẹ́ kẹ́míkà tí fọtogíráfà ò fi omi ṣàn tán lọ́jọ́ tó fọ fọ́tò náà, ìyẹn náà máa ń pọ́n tó bá ti pẹ́.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi. Òótọ́ ni pé omi máa ń yọ àwọn míì, mo ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́, èmi náà ti ṣe é rí lẹ́yìn tí mo gbọ́n. Àmọ́ fọ́tò tó bá ti bu, jẹ́látìn ẹ̀ ti jẹrà, omi lè kó gbogbo ẹ̀ lọ bí iyọ̀. Tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí létè àti sára aṣọ, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fẹ́ ẹ nígbà yẹn, àwọ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ ṣàn. Ẹ gbàgbé omi.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìṣó kan lára férémù yẹn, ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò náà pẹ̀lú dígí lójú ẹ̀. Fóònù tó dáa ti tó. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu dígí níta, ẹ má fín nǹkan kan sí i torí omi máa ń gba etí férémù wọlé. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ẹnu ọ̀nà tàbí ojú fèrèsé, àmọ́ kí oòrùn má kàn án tààrà, kẹ́ ẹ pa gílóòbù, kẹ́ ẹ pa fláàṣì. Ẹ wọ aṣọ dúdú, torí ara yín ni dígí máa fi hàn yín, ẹni tó wọ ańkárá yẹ́lò wá yà á, ańkárá yẹ́lò ló máa bá nínú fọ́tò. Èmi máa ń gbé aṣọ dúdú kan dání tí mo lu ihò sí láàárín, ojú kámẹ́rà nìkan ló ń yọ níbẹ̀, àwọn ọmọdé àdúgbò ní mo dà bí eégún, wọn ò parọ́. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ súùmù lẹ́ẹ̀mejì, kí fóònù àti fọ́tò dojú kọra wọn gbọọrọ, ẹ ya gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ wá súnmọ́ ọn, kẹ́ ẹ ya sáìnbọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, ojú bàbá lọ́tọ̀, ọmọ yẹn lọ́tọ̀, ilẹ̀ níwájú ìsọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ má fi fóònù sí ibi tí wọ́n ń ya dúdú-àti-funfun o, kó jẹ́ kọ́lọ̀ ni kẹ́ ẹ yà á. Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu. Ìpàtà tó wà lára fọ́tò, àwọ̀ ìyeyè sí pupa ló ní, fàdákà ò ní àwọ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá gbé èyí tẹ́ ẹ yà sínú áàpù Snapseed, kẹ́ ẹ yan Black & White níbẹ̀, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀ fíltà, ẹ yan pupa, ìpàtà á dín kù, nígbà míì á parẹ́ pátápátá láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú fọ́tò gidi. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà fúnra ẹ̀ ló ti ṣá di yẹ́lò, ẹ yan búlúù, òun ló máa ń gbé èyí tó ṣá dìde. Ẹ gbìyànjú méjèèjì lórí ìlà kejì sáìnbọ́ọ̀dù yẹn. Mo ti fi rí orúkọ odidi èèyàn tí ẹbí ti wà lára ògiri pẹ̀lú ẹ̀ fún ogójì ọdún láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo sikánà, ẹ bi oní-bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà yẹn irú èyí tó ní. Àwọn pẹlẹbẹ tín-ínrín tí wọ́n pọ̀ níta báyìí, nǹkan tó bá lẹ̀ mọ́ dígí wọn gan-an nìkan ni wọ́n ń rí dáadáa, tí dígí férémù bá ti wà láàárín, ṣe ló máa rí kúrukùru. Àwọn tó nípọn tó wúwo ti àtijọ́, tí iná funfun ń rìn nínú wọn, ni wọ́n máa ń rí jìnnà díẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ mú un jáde nínú férémù kó tó lè ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ áàpù tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ. Mi ò ní bá a jà, ọmọdé ni, ó sì fẹ́ kó dáa. Àmọ́ àwọn áàpù AI tó ń sọ fọ́tò di "kedere" yìí, wọn kì í rí nǹkan tó ṣú, ṣe ni wọ́n ń ro nǹkan tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n á sì yà á sí i. Ní ojú èèyàn, wọ́n á fún bàbá yín ní ojú bàbá ẹlòmíì, ojú tó dán, tí eyín gún, kẹ́ ẹ sì máa sọ pé "ó jọ ọ́ díẹ̀ ṣá." Ní ti sáìnbọ́ọ̀dù ló burú jù. Wọ́n á rí lẹ́tà tó ṣú, wọ́n á kọ lẹ́tà tí kò sí nínú èdè kankan sí i, ó máa dán gbinrin, ó máa rí bíi lẹ́tà, kò sì ní ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò iwájú ìsọ̀, lẹ́tà ara ẹ̀ ni ọba ibẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó, tí lẹ́tà kankan ò bá sí níbẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí a ò mọ ohun tí wọ́n kọ sórí ẹ̀, ilé lásán ni. Tó bá fẹ́ lo áàpù, kó fi mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tàbí kó dín, kó gé etí, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọdún, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mi ò kí ń wá ọdún, ògiri méjì ni mo ń wá, ọ̀kan tó ń sọ pé "kò lè ṣáájú ìgbà báyìí", ọ̀kan tó ń sọ pé "kò lè kọjá ìgbà báyìí", tí mo bá ti rí méjèèjì, àárín wọn ni fọ́tò wà. Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé iye nǹkan kankan wà tí wọ́n kọ síbì kan, lára ògiri, lára pátákó kékeré, lórí bébà tí wọ́n lẹ̀? Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 2/6 tàbí 1/-, ṣílè àti pẹ́nì nìyẹn, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé, nítorí náà fọ́tò ti wà ṣáájú ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àdírẹ́sì. Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì, gbogbo wa la wà lábẹ́ Western Region kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967. Tí ìlà kejì tó ṣú yẹn bá wá ní nǹkan tó jọ "W. NIGERIA" nínú, ẹ ti mú ògiri kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ "LAGOS STATE", ẹ ti mú ògiri kejì. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra ṣá, kíkun sáìnbọ́ọ̀dù tuntun ń náni lówó, àwọn kan ò yí tiwọn padà fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà "W. NIGERIA" ò lágbára tó "LAGOS STATE".

Tí mọ́tò bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọwọ́ òsì là ń wa mọ́tò tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àmọ́ àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá lẹ́tà inú fọ́tò kọjú síbi tó yẹ, torí fọtogíráfà míì máa ń fi ẹ̀yìn nẹ́gẹ́tíìfù tẹ fọ́tò, ọ̀tún á di òsì, ẹ óò sì fi ọwọ́ ara yín ya ọdún sọ nù. GENERAL GOODS yín ṣeé kà, nítorí náà tiyín kò yí. Ìkejì, mọ́tò tó dúró kì í sọ nǹkan kan, ibi tó bá wu dírẹ́bà ló ń páàkì sí, èyí tó ń rìn ni kẹ́ ẹ wò. Ìkẹta, sítẹ́rìn tó wà lọ́tùn-ún kò sọ pé ó ṣáájú 1972 o, àwọn lọ́rì onígi yẹn ṣì rìn pẹ̀lú sítẹ́rìn ọ̀tún títí tí wọ́n fi jẹrà.

Páànù ìpolówó tí wọ́n kàn mọ́ ara ilẹ̀kùn, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀. Ọtí Star, 1949 ni wọ́n kọ́kọ́ pọn ọ́n nílẹ̀ yìí, kò lè ṣáájú ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí BP ní ilé epo tó wà lẹ́yìn, 1979 ni ìjọba gbà á tó di African Petroleum. Tẹ́ ẹ bá rí "L.B.A." lẹ́yìn orúkọ bàbá, ẹ yọ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ní láísẹ́ńsì láti máa ra kòkó tàbí èkùrọ́ fún bọ́ọ̀dù ìjọba, kì í ṣe ọjà wẹ́wẹ́ nìkan ni wọ́n ń tà nìyẹn, 1986 sì ni ìjọba tú àwọn bọ́ọ̀dù yẹn ká. Èríà tẹlifíṣọ̀n lórí òrùlé, kò lè ṣáájú 31 oṣù kẹwàá 1959 tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wáyà iná, mi ò gbára lé e, mo ti rí òpó iná tó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún tí iná ò gba orí ẹ̀ kọjá (ẹ má rẹ́rìn-ín, títí dòní ló wà).

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí ẹ̀yìn láì fa igun yẹn, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fọ́tò. Tó bá rí bíi bébà lásán, tó fẹ́ máa ká sókè, irú tó pẹ́ nìyẹn. Tó bá ń yọ̀ bíi nylon, bébà oníike nìyẹn, ìparí àwọn ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láyé, kó tó dé ọwọ́ fọtogíráfà ìlú kékeré á tún pẹ́ sí i. Ibẹ̀ náà lẹ máa ti rí òǹtẹ̀ sítúdíò, tàbí orúkọ bébà bíi Velox ti Kodak, tàbí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹnì kan tó fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan tí kò rò pé ẹnikẹ́ni á kà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀, pẹ́ńsùlù tó ti parẹ́ á jáde.

Ẹ má sì ju nǹkan tó wà láàárín plaiwúùdù àti fọ́tò nù! Àwọn ọ̀gá wa tó kọ́ wa níṣẹ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ̀yìn, Daily Times, Ìròyìn Yorùbá, ohunkóhun tó bá wà nítòsí, òun ló sì máa ń ba fọ́tò jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la torí oró inú ẹ̀ tó ń sọ bébà di pípọ́n. Ọ̀tá fọ́tò ni lóòótọ́, àmọ́ ẹlẹ́rìí ni, ó ní déètì lórí. Déètì yẹn, ti férémù ló ń sọ o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò lè ti wà nínú àpótí fún ọdún márùn-ún kí owó férémù tó jáde. Ó kàn sọ fún yín pé wọn ò ṣe férémù náà ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún lè tẹ kọ́pì kan, ẹ gbé e lọ sí ọjà Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́ yín ní ọjọ́ ọjà, kẹ́ ẹ fi han àwọn àgbà. Àwọn ará Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ á kọ́kọ́ bára wọn jiyàn lórí ibi tí ìsọ̀ náà wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn, inú iyàn yẹn ni òótọ́ ti máa ń já bọ́. Àmọ́ ẹ má bi wọ́n ní ọdún. Gbogbo àgbà ló máa ní "ayé Awólọ́wọ̀ ni," tí wọ́n bá sì ní ayé Awólọ́wọ̀, wọn ò sọ 1954 sí 1959 tí Awólọ́wọ̀ fi jẹ́ Premier o, ìgbà tí ayé ṣì dáa lójú tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ẹ bi wọ́n pé: ìsọ̀ ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n wó o? Ṣé ẹ ti gbéyàwó nígbà yẹn? Ìyẹn lèèyàn máa ń rántí.

Férémù wá ńkọ́. Èrò tèmi ni pé kí fọ́tò gidi má lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín rárá, kọ́pì ni kẹ́ ẹ gbé kọ́. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ẹnu ọ̀nà, eruku, ọwọ́ kọsítọ́mà, ọdún mẹ́ta péré á parí iṣẹ́ tí ọ̀rinrin ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́pì tó bá ṣá, ẹ tẹ òmíràn. Ojú àwọn kọsítọ́mà ò sì ní mọ ìyàtọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀.

Ẹ ní kó tóbi. Tó bá tó ìwé ẹ̀ksasáìsì, ká sọ ínǹṣì 6 sí 8, tẹ́ ẹ bá rí i sikánì ní 600 dpi (ìyẹn dọ́ọ̀tì 600 nínú ínǹṣì kan), ẹ máa ní 3,600 sí 4,800 dọ́ọ̀tì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 nínú ínǹṣì kan, ínǹṣì 12 sí 16 lẹ máa rí, èèyàn á lè fi imú kàn án tí á ṣì dáa. Fún ara ògiri tí wọ́n ń wò láti òdìkejì káńtà, 150 ti tó, ẹ lè dé 24 sí 32. Èyí tẹ́ ẹ fi fóònù yà láti ojú dígí kéré sí i díẹ̀, mi ò ní kọjá 20 sí 26 pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lè sọ ọ́ di bánà tó bo odidi ògiri, owó yín ló ń wò. Ẹ sọ fún láàbù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí kò dán, torí èyí tó ń dán máa fi gílóòbù ṣọ́ọ̀bù yín hàn ju bàbá lọ. Mi ò fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pákó tí wọ́n á wá fi nylon bò lójú, ó rọrùn lówó, àmọ́ ní Ẹ̀pẹ́ yẹn, ọdún díẹ̀ báyìí á ti máa wú létí.

Kí káàdì tó ní ojú fèrèsé wà láàárín dígí àti fọ́tò, ohun tí férémù àkọ́kọ́ ò ní gan-an nìyẹn, àyè tó tó sísanra owó kọ́ìnì ti tó láti má jẹ́ kí wọ́n so mọ́ra. Ẹ lẹ rọ́bà kékeré mẹ́rin mọ́ igun ẹ̀yìn férémù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ẹ má kàn án mọ́ ògiri tí òjò ń lù níta.

Fọ́tò gidi ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́ dígí ẹ̀, ẹ yọ ìwé ìròyìn àti plaiwúùdù kúrò lẹ́yìn, ẹ fi káàdì funfun tuntun tí kò ní oró, irú èyí tí àwa onífèrémù ń lò, tẹ́ ẹ, ẹ fi aṣọ òwú funfun tẹ́ ẹ ti fọ̀ láìfi ọṣẹ olóòórùn wé e, kó wà nínú àpótí lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ o, ìlú olómi lẹ wà. Kì í ṣe inú nylon, nylon máa ń ká ọ̀rinrin mọ́ inú. Àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tí wọ́n kọ "má jẹ" sí, ẹ lè kó díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má fi sẹ́lótépù kan nǹkan kan, ibikíbi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí i wò.

Igun tó lẹ̀ yẹn, bóyá ní ọjọ́ kan a máa rí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú fọ́tò dáadáa tí á bá yín yọ ọ́. Èmi ò ní ṣe é. Mo ti sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e wá sí Ìkòròdú kí n wò ó, ẹ gba ọ̀nà Ìtoíkìn nínú mọ́tò, ẹ gbé e lé itan pẹ̀lú dígí lókè, ẹ má gun ọ̀kadà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bọ́ sọ́nà, ẹ bá mi ya nǹkan kan ránṣẹ́: àpótí tí ọmọ yẹn jókòó lé. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Àpótí ọjà ayé ìgbà yẹn kì í wà láìní lẹ́tà lára, ṣúgà ni, ọṣẹ ni, jíìnì ni, orúkọ kọ́ńpìnì wà níbẹ̀, ìlú tó ti wá wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó kù ta ni ọmọ náà, torí tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí a sì mọ ọdún tí wọ́n bí i, mo lè fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀ tí kò tíì kanlẹ̀ yẹn sọ ọdún fọ́tò náà fún yín ju mọ́tò àti páànù lọ.